Functional group: ilà ni, àbí ajẹ́pè?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí orúkọ tí a ó fún functional group nínú ìwé kẹ́mísírì tí à ń kọ fún àwọn ọmọdé, ìyẹn ibi kan lára kẹ́míkà oníkábọ̀nù tó ń pinnu ìwà tí kẹ́míkà náà yóò máa hù. Ẹnì kan mú "ẹgbẹ́ oníṣẹ́" wá, bàbá wa kan ní "ilà" ló yẹ. N kò ní pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ "ẹgbẹ́ oníṣẹ́" fún ọmọ Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ tàbí ti àwọn mẹkáníìkì ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ, yóò sì béèrè ọjọ́ mítìn àti iye owó ẹgbẹ́.

"Ilà" ló dùn mọ́ mi. Bàbá wa ní tí àlejò kan bá bọ́ọ́lẹ̀ ní gáréèjì Ìwó Road, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò. Bó jẹ́ àbàjà, bó jẹ́ pélé, a ti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ilé baba rẹ̀. Kẹ́míkà tí a kò mọ̀, àlejò lòun náà. Mo gbà fún wọn, ó kù díẹ̀ kí n kọ ìwé láti gbè wọ́n lẹ́yìn. Àfi ìgbà tó di Sátidé.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra WAEC ló ní kí n sin òun lọ sí Agbowó, sọ́dọ̀ tíṣà tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà da omi méjì tó mọ́ gaara sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Propanal ni ọ̀kan, propanone ni èkejì. Kábọ̀nù 3, háídrójìn 6 àti ọ́síjìn 1 ló wà nínú mólékù kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn méjèèjì ló ní kábọ̀nù tó fi apá méjì di ọ́síjìn mú. Tó bá jẹ́ ti ilà ni, ìbejì ni wọ́n. Tíṣà kán DNPH, oògùn kan tí wọ́n fi ń yẹ kẹ́míkà wò, sí wọn, àwọn méjèèjì dà rú lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ ọsàn tó pọ́n sì jókòó sí ìsàlẹ̀ ìgò. (Ẹ jọ̀ọ́, "gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀" la ní fún precipitate. Ẹni tó mú "ìsọ̀kalẹ̀" wá kò tíì mu ẹmu dé ìdí kèrègbè rí.)

Ó bu òmíràn lára omi méjèèjì sínú ìgò méjì mìíràn, ó wá po oògùn Tollens, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì ọjọ́un. Ó kán sodium hydroxide sí silver nitrate, ó di pupa bí ẹrẹ̀. Ó kán ammonia sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi mọ́ padà. Ó bù ú sí ìgò méjèèjì, ó kì wọ́n sínú omi gbígbóná. Ìgò tí a kọ́kọ́ lò kò mọ́ dáadáa, nǹkan dúdú lásán la rí. A fọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgò propanal ṣú díẹ̀, ó dán, ó di dígí, mo rí imú ara mi nínú rẹ̀. Fàdákà gidi ló lẹ̀ mọ́ ọn. Propanone ń wò wá lásán ní tiẹ̀. Kíá ni tíṣà da ìyókù nù, torí oògùn yẹn kì í sùn mọ́jú. Tó bá pẹ́ nílẹ̀, ó lè bú gbàmù.

Ṣé ẹ rí i pé ilà kọ́ ló yà wọ́n? Ìpè ni. DNPH pè, àwọn méjèèjì jẹ́. Tollens pè, ọ̀kan jẹ́, èkejì dákẹ́. Háídrójìn kan ló wà lára kábọ̀nù ọlọ́síjìn ti propanal tí kò sí lára ti propanone, òun ni Tollens rí dìmú tó fi sọ ọ́ di ásíìdì.

Nítorí náà, ohun tí mo mú wá nìyí: "ajẹ́pè" fún functional group, "apè" fún kẹ́míkà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, "ìpè" fún test. "Ìdánwò" kò dára níbẹ̀. Ọmọ oní-WAEC ti ní ìdánwò tirẹ̀ tó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó sì mú "ìtọ́wò" wá, tó ní àwọn aláró máa ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò, ẹ dákun, ọmọdé ló máa ka ìwé yìí, wọn á fi ahọ́n kan kẹ́míkà.

Àǹfààní mìíràn tí "ajẹ́pè" ní: omi bromine máa ń ṣí tó bá kan alkene, irú kẹ́míkà oníkábọ̀nù kan (àwọn aláró ló ni "ṣí" yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá "ìpàdánù àwọ̀" kiri). Kò sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀, kábọ̀nù méjì tó fi ọwọ́ méjì di ara wọn mú lásán ni. Síbẹ̀ ó jẹ́pè.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a ò lo "oríkì", ṣebí ẹni tí a bá kì ló ń jẹ́. Ìwé gírámà ti gba ìyẹn, "oríkì ọ̀rọ̀-orúkọ" wà níbẹ̀.

Èyí tí n kò tíì rí orúkọ fún ni kẹ́míkà tí a pè tí kò dáhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àǹtí, adití ni." Mo ní rárá, ṣebí ó gbọ́ ti DNPH. Ó ronú títí a fi wọ mọ́tò ní Sángo.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni, mà."