Lukla sí Ramechhap, ogún ìṣẹ́jú péré: kí ni mo fẹ́ fi ọjọ́ méjì ṣe?

Adé_Peckham: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi 2 ń lọ sí ẹsẹ̀ òkè Everest ní Nepal. Bàtà tí mo rà ti bó mi lẹ́sẹ̀ kí n tó kúrò ní London. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ yá mi ní jákẹ́ẹ̀tì ò gbé fóònù mọ́. Ẹni tó ń bá wa ṣètò ìrìnàjò wá ní bá a bá ń bọ̀ láti Lukla, ìlú orí òkè tí wọ́n ti ń wọ bàálù níbẹ̀, ká fi ọjọ́ 2 sílẹ̀, bóyá bàálù ò ní gbéra. Mo wo máàpù, Lukla sí Ramechhap tí bàálù wa máa balẹ̀ sí ò ju nǹkan bí 74 km lọ lójú òfuurufú. 20 ìṣẹ́jú! Àbí owó hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?

Ìyá Ìbejì: Irọ́ ni 74. Ó tó 135 km, ó sì lé ní 30 ìṣẹ́jú. Mo débẹ̀.

Bọ̀dá Wálé: Ìyá Ìbejì, ti Kathmandu, olú ìlú Nepal, lẹ ń sọ. Bí èrò bá ti pọ̀, Ramechhap ni wọ́n ń kó àwọn bàálù kékeré yẹn lọ, torí pápákọ̀ Kathmandu a máa há gádígádí. Adé, oṣù wo lò ń lọ? O ò sọ.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ ọjọ́ 3 la fi jókòó ní Lukla o. Láràárọ̀ la ń gbé ẹrù lé òṣùwọ̀n, kò gbọdọ̀ ju 15 kg lọ. Bí kùrukùru bá ti bolẹ̀, ìyá tó ń ta tíì á kàn tún omi gbé kaná. Ó ti mọ̀ pé a ò lọ.

Tósìn_Ìbàdàn: Ṣé Èkó sí Ìbàdàn ò tíì kọ́ ẹ lọ́gbọ́n ni? Lọ́jọ́ tí tírélà ṣubú ní Ìbàfò, wákàtí 7 ni mo fi jókòó sínú mọ́tò, mo jẹ gàlá 4!

Adé_Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, mi ò béèrè ti Ìbàfò. Oṣù kẹwàá ni. Òjò ti dá nígbà yẹn, mo kà á.

Bọ̀dá Wálé: Ta ló ń sọ ti òjò? Ojú lásán ni awakọ̀ fi ń wá Lukla. Ibi tí bàálù ń sá lé ò ju 527 mítà lọ, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, òkè dí i lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì. Tó bá ti sún mọ́lẹ̀, kò lè yí padà mọ́. Àárọ̀ ni wọ́n ń fò, torí atẹ́gùn àti kùrukùru ló ni ọ̀sán. Tó o bá sì dé Ramechhap, ó ṣì ku nǹkan bí 130 km lójú títì kó o tó dé Kathmandu, wákàtí 4 sí 5, kọ́nà lórí kọ́nà. Ìgbà wo ni bàálù London ẹ?

Adé_Peckham: Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀ ni mo kúrò ní Lukla, alẹ́ ọjọ́ náà ni ti London. Mo délé lọ́jọ́ Ẹtì. Sátidé ni ìgbéyàwó.

Ìyá Ìbejì: Ìgbéyàwó ta?

Adé_Peckham: Ẹ má jẹ́ ká yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ o. Mo ní ṣé 74 km lè

Ìyá Ìbejì: Adé. Ìgbéyàwó ta?

Adé_Peckham: Tèmi.

Tósìn_Ìbàdàn: Yéè! Mo gbé!

Bọ̀dá Wálé: Ọjọ́ 2 gan-an ò tó mọ́. Gé ìrìn yẹn kúrú, kó o ti wà ní Lukla ní Sátidé tó ṣáájú. Tí bàálù ò bá gbéra títí di Ìṣẹ́gun, ẹ dáwó jọ wọ hẹlikọ́pítà. Ó máa ń rí ọ̀nà lọ nígbà míì tí bàálù ò lè lọ, àmọ́ owó ẹ̀ á dùn yín.

Ìyá Ìbejì: Ìyàwó mọ̀?

Adé_Peckham: Ó mọ̀ pé mò ń lọ sí Nepal.

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ tó o máa dé ńkọ́?

Adé_Peckham: Mo ń pe ẹni tó ń ṣètò báyìí. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan.