Ṣé gbogbo ìgbà tí èémí ìyá mi bá le ni kí n máa ra kápúsù?

Ọmọ Amọ̀kòkò, Òkèlélé, Ìlọrin:
Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọn kò fa sìgá rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti ń sun ìkòkò ní Dàda, tí èéfín igi ń fẹ́ lù wọ́n lójú. Dókítà ní èéfín yẹn ló sọ ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró wọn di tóóró, pé COPD ni wọ́n ń pè é, pé kò ní padà sípò mọ́, àmọ́ oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu yóò máa dẹ̀ ẹ́ lára. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí ọyẹ́ bá ti dé, tàbí tí ọmọ mi bá gbé kátà bọ̀ láti ilé-ìwé, kò ní pé ọjọ́ mélòó kan tí wọn kò fi ní lè rìn láti yàrá dé ìdí àmù láìjókòó sinmi. Oníkẹ́míìsì àdúgbò á di kápúsù pupa-òun-dúdú fún wa, wọ́n á lo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á sì pa á tì. Ìgbà kẹrin rèé lọ́dún yìí. Ṣé bí a ó ṣe máa ṣe é lọ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ọ̀mù-Àrán:
Wà àlékùmú sàlámù, àbúrò mi. Bá mi kí Ìyá. Má fi kápúsù yẹn ṣe oúnjẹ fún wọn, nítorí fáírọ́ọ̀sì kátà ló ń fa púpọ̀ nínú irú ìkọlù yìí, oògùn apakòkòrò irú èyí tó wà nínú kápúsù yẹn, bakitéríà ló ń pa, kò sì ran fáírọ́ọ̀sì. Lọ́dún 1987, Anthonisen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi apakòkòrò wé oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú: nínú ìkọlù 100, nǹkan bí 68 ló rọlẹ̀ dáadáa pẹ̀lú apakòkòrò, 55 sì rọlẹ̀ láìsí i. Ìyàtọ̀ yẹn hàn jù lọ níbi tí nǹkan mẹ́ta ti pàdé: kí èémí le sí i, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ sí i, kí ó sì dà bí ọyún. Ní kí Ìyá tu ú sórí tíṣù funfun ní ojúmọmọ, kí o wo àwọ̀ rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún dókítà, nítorí ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti pinnu. Ṣùgbọ́n bí èémí bá le, ilé ìwòsàn ni, ì báà funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Bàbá Ìbejì, Ọ̀ffà:
Wọ́n fi oṣù mélòó kan tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ fún bàbá tèmi láìyẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò rárá. Inú ṣì ń bí mi sí i. Bí wọ́n bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe Ìyá, ẹ béèrè àyẹ̀wò kí ẹ tó gbà. Bí wọ́n bá sì kọ prednisolone, oògùn tó ń mú kí wíwú inú ọ̀nà èémí rọlẹ̀, fún Ìyá, ẹ má fi kún ọjọ́ tí dókítà dá. Ìwádìí kan láti Switzerland lọ́dún 2013 fi hàn pé ọjọ́ 5 ṣe iṣẹ́ tí ọjọ́ 14 ń ṣe.

Ọmọ Amọ̀kòkò:
Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tó tún ń padà wá lẹ́yìn tó ti lọ?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Nígbà mìíràn, kòkòrò kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn ni. Sethi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo, Amẹ́ríkà, rí i lọ́dún 2002 pé bí ẹ̀yà tuntun bakitéríà bá wọ ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn, ìkọlù fi ìlọ́po méjì ṣeé ṣe sí i. Ara tó ti mọ ti tẹ́lẹ̀ kò tíì mọ èyí. Bí ètè wọn bá dúdú, tàbí tí wọ́n bá ń ṣì ọ̀rọ̀ sọ, má dúró kọ nǹkankan síbí, gbé wọn lọ.

Ọmọ Amọ̀kòkò:
Mo ti ra tíṣù. Funfun ni ti àárọ̀ yìí, àmọ́ èémí kò tíì rọ̀, a ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn. Ìyá ní kí n bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ máa bá wọn sun ìkòkò tí wọ́n fi sílẹ̀.