Ìbọn olójú méjì, kálíbà 12: ọta wo ló bá a mu, mítà mélòó ló sì lè dé?

Ọmọ Ọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, àrìnpa o. Ìbọn olójú méjì, kálíbà 12, tí ilé iṣẹ́ ṣe, tó sì ní ìwé àṣẹ, ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Oríṣi ọta méjì ni mo rí rà: nọ́ńbà 4 àti nọ́ńbà 6, ìyẹn bí òjé inú wọn ṣe tóbi tó. Gíráàmù 32 ni wọ́n kọ sára méjèèjì, ìwọ̀n òjé inú ọta kan. Ọ̀yà àti awó ni mo ń dọdẹ. Ojú ọ̀tún ń fọ́n òjé káàkiri, tòsì ń kó o jọ. Èwo ni kí n kì sí ojú wo? Ibo ni kí n ti máa yìn ín kí ẹran má baà gbé ọgbẹ́ sá lọ? Ẹnìkan tún ní kí n tú ọta, kí n bu ẹ̀tù díẹ̀ kún un. Ṣé ó dáa?

Àgbà Ọdẹ Kétu:
Ògún á gbè ọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Má tú u, má bu nǹkan kan kún un. Ẹ̀tù inú ọta ilé iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀tù dúdú tí à ń rọ sínú ṣakabùlà. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n mọ́ òjé tó wà lórí rẹ̀. Ìba díẹ̀ tí o bá fi kún un lè mú kí ọ̀pá ìbọn bẹ́ nítòsí ìdí, níbi tí ọwọ́ tó gbé e wà gan-an. Bí kò tilẹ̀ bẹ́, ìyìn náà á bàjẹ́. Agbára tó pọ̀ jù máa ń tẹ òjé ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ, òjé tó bá sì ti pẹlẹbẹ kì í lọ tààrà mọ́.

Bébà ló máa dáhùn ìyókù. Wá bébà tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó. Bébà àpò sìmẹ́ńtì méjì tí a lẹ̀ pọ̀ tó. Kàn án mọ́ igi, kí o sì fi èédú ya àmì kan sí àárín. Wọn mítà 35, má fi ẹsẹ̀ díwọ̀n rẹ̀. Yin ẹ̀ẹ̀kan péré sí bébà kọ̀ọ̀kan, bébà márùn-ún fún ojú kan pẹ̀lú oríṣi ọta kan. Ẹyọ kan ṣoṣo lè tàn ọ́ jẹ.

Lẹ́yìn náà, wo ibi tí ihò ti pọ̀ jù. Kan ìṣó síbẹ̀, so okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 37 àti ààbọ̀ mọ́ ọn, fi fa òbírí. Má ṣe fa òbírí náà yí àmì èédú ká. Ibi tí òjé kó jọ sí la fẹ́. Ka ihò tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọjú ìbọn sí àpáta òkè yín. Òjé máa ń ta padà lára òkúta. Ebè gíga tàbí òkìtì ilẹ̀ ni kó wà lẹ́yìn bébà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sí lọ́ọ̀ọ́kán fún irinwó mítà, torí òjé nọ́ńbà 6 lè fò tó 275, nọ́ńbà 4 sì lè fò tó 325.

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn:
Kó o tó yin ẹyọ kan, wo ìdí ọ̀pá náà. Wọ́n á ti kọ 65 tàbí 70 síbẹ̀. Bí ilé ọta, ibi tí à ń ki ọta sí, ṣe gùn tó nìyẹn, ní mìlímítà. Ọta 70 máa ń wọ inú ilé 65 wọ́ọ́rọ́wọ́, torí wọ́n ti ká ẹnu rẹ̀. Àmọ́ bó bá bú, ẹnu yẹn á tú sí ibi tí ọ̀nà ti fún, ipá á sì pọ̀ jù nínú ọ̀pá. Ìbọn àtijọ́ pọ̀ tí irú èyí ti bà jẹ́. Bí tìrẹ bá jẹ́ 65, ọta 65 ni kó o wá.

Bóyá wàá tún rí ìràwọ̀ lára ọ̀pá. Ẹyọ kan túmọ̀ sí pé ẹnu rẹ̀ fún pátápátá, mẹ́rin túmọ̀ sí pé ó fún díẹ̀ péré.

Má da ọta kálíbà 20 pọ̀ mọ́ 12 nínú àpò kan. 20 á yọ̀ wọlé, á há sínú ọ̀pá, wàá rò pé òfìfo ni. Bí o bá ki 12 tẹ̀ lé e, ọ̀pá máa bẹ́. Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe 20 ní àwọ̀ ìyeyè. Yọjú wo inú ọ̀pá láràárọ̀ pẹ̀lú. Kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé kò ní ká a lára láti dí i.

Ọmọ Ọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ ṣé gan-an. 70 ni wọ́n kọ sí i. Èsì rẹ̀ rèé, ní mítà 35. Ojú ọ̀tún, nọ́ńbà 6: 118, 97, 124, 109, 112. Ojú òsì, nọ́ńbà 6: 171, 180, 166, 175, 178. Òsì, nọ́ńbà 4: 92, 110, 88, 104, 96. Òjé nọ́ńbà 6 jẹ́ mìlímítà 2,75, nọ́ńbà 4 jẹ́ 3,25.

Àgbà Ọdẹ Kétu:
O ṣe dáadáa tí o kọ mìlímítà, torí nọ́ńbà Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò dọ́gba. Nínú gíráàmù 32, òjé 2,75 tó nǹkan bí 267, 3,25 tó nǹkan bí 162. Nítorí náà, bí a bá ro ihò bébà márààrún pọ̀, tí a sì pín in sí márùn-ún, ọ̀tún rẹ kó ìpín 42 jọ nínú ọgọ́rùn-ún: ẹnu rẹ̀ ò fún rárá. Òsì kó 65 jọ pẹ̀lú nọ́ńbà 6, 60 pẹ̀lú nọ́ńbà 4.

Gé páálí ní ìrísí awó, gbé e káàkiri inú òbírí náà. Ibi tí kò bá ti gba ihò márùn-ún, ibẹ̀ ni awó á ti gbé ọgbẹ́ lọ kú sínú igbó láìsí ẹni tó rí i. Ohun tó yẹ ká sá fún nìyẹn. Ní tèmi: ọ̀tún, nọ́ńbà 6, má kọjá mítà 25. Òsì, nọ́ńbà 6 fún awó, nọ́ńbà 4 fún ọ̀yà, kó má ju 35 lọ. Ní mítà 15, má fi òsì yin ọ̀yà, á fa ẹran ya.

Ọmọ Ọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́:
Òjé máa ń gba òkè àmì, tó ìbú ọwọ́ méjì.

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn:
Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ná. Bí kò bá fara ti igi ìbọn dáadáa, ojú rẹ á ga, òjé náà á gba òkè. Jẹ́ kí ẹlòmíràn tó mọ ìbọn yìn ín kó o tó fá igi kankan.

Ẹlẹ́ran Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin tó ń gbé ẹran wá fún wa, ẹ bá wa gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, kó fẹ̀ dáadáa. Òjé máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ débi tí ojú ò ti rí i, síse kì í sì í mú un kúrò. Tòmátì inú ọbẹ̀ tilẹ̀ máa ń yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọdé àti aláboyún ló ń bà jẹ́ jù.