Báwo la ṣe lè sọ ìtàn ogun Bọ́mà fún àwọn ọmọ wa?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà (orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì ti dolóògbé tipẹ́. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju àmì-ẹ̀yẹ onírin kan tó rí bí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, àti orin Hausa kan tí bàbá mi ṣì máa ń kọ. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìgbàkígbà tí mo bá sì bi wọ́n nípa ogun náà, "Ìyà jẹ wọ́n" nìkan ni wọ́n máa ń sọ. Báwo ni mo ṣe lè gba ìtàn yìí sílẹ̀ láìda ọkàn àgbàlagbà rú, kí n sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi lọ́nà tí yóò fi yé wọn?

Tíṣà Àgbà:
Ẹ kú àníyàn. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjà. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà pé kí ni bàbá wọn fojú rí lójú ogun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ, èdè wo ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ọ̀rọ̀ yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀. Hausa ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà fi ń gbọ́ ara wọn yé nígbà náà, ìbáà jẹ́ ọmọ Yorùbá ni wọ́n, nítorí náà orin yẹn gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ bi wọ́n nípa ẹrù pẹ̀lú. Ní àfonífojì Kaladan ní Arakan, ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, níbi tí Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá kan, ti jà lọ́dún 1944, igbó àti òkè ló gba gbogbo ilẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń já oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀, orí ni àwọn aláàárù ológun sì fi ń rù wọ́n. Ọmọ tó bá ti ru korobá omi rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Àpápá:
Òótọ́ ni Tíṣà sọ, àmọ́ ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin inú ilé. Ìyá bàbá mi ló sọ fún wa pé ọkọ àwọn, tó jagun ní Bọ́mà, kì í sùn bí òjò bá ń rọ̀ lóru. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí títí òjò yóò fi dá. Bàbá náà fúnra wọn kò sọ ọ́ fún ọmọ kankan rí.

Ó tún dùn mí pé a ń kọjá níwájú bárékè Arakan ní Àpápá, a ń dárúkọ Dodan ní Ìkòyí, ẹ̀yin sì ní Letmauk ní Mọ́kọ́lá yín níbẹ̀, a kò sì sọ fún ọmọ wa pé ibi tí àwọn bàbá wọn ti jà ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ gbogbo wọn lórúkọ. Ẹ sọ ọ́ nínú mọ́tò bí ẹ bá ń gbé wọn lọ sílé ìwé.

Ọmọ Ọ̀wọ̀:
Ẹ rántí Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ológun lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìbọn bà á ní Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944, ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman sì ń bọ́ Isaac àti David Kagbo, ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Sierra Leone, níkọ̀kọ̀ títí di oṣù Kejìlá. Isaac kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú lọ́dún 2012. Oníròyìn Barnaby Phillips sì mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ fún ìdílé Shuyiman ní Bọ́mà, tí ó fi di ìtàn ìdílé méjì.

Ẹ̀yin kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, ṣùgbọ́n ẹ má fi àbùmọ́ dí ihò inú àrọ́bá náà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun.