Ẹsẹ̀ bàbá mi kò ṣẹ́, dókítà ní àwọn fẹ́ fi POP dì í. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Alhájì, Ìwó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹni ọdún 63 ni bàbá mi, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ó ti tó ọdún 14 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá wọn jà. Ní oṣù méje sẹ́yìn, ìyá mi rí ẹ̀jẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tọ ipa ẹ̀jẹ̀ náà lọ títí ó fi gbé wọn dé ẹsẹ̀ bàbá mi. Ìṣó ló gún bàtà wọn já. Wọ́n wọ bàtà náà lọ sọ́jà, wọ́n wọ̀ ọ́ bọ̀, wọn ò mọ̀. Láti ìgbà náà ni egbò ti wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, lábẹ́ ìdí àtàǹpàkò gan-an. Kò dùn wọ́n rárá, ohun tó sì ń já mi láyà jù nìyẹn.

A ti fọ̀ ọ́ títí, a ti lo oyin, a ti lo oríṣiríṣi ìpara. Yóò jọ pé ó fẹ́ jinná, awọ líle á yí i ká, tí wọ́n bá sì ha awọ náà kúrò, ihò ọ̀hún á tún wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra bàtà gígùn kan ránṣẹ́ láti Èkó, èyí tó dé abẹ́ orúnkún, tó ní okùn tó ń lẹ̀ mọ́ra.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà tuntun kan wo ẹsẹ̀ náà, ó ní kí wọ́n fi POP, ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́, dì í láti abẹ́ orúnkún dé ọmọ ìka. Mo ní, "Dókítà, ẹsẹ̀ yìí kò kúkú ṣẹ́." Ó ní òun mọ̀. Ilé ti dàrú báyìí. Àbúrò bàbá mi ní ẹni tó bá bo egbò mọ́lẹ̀ fẹ́ kó jẹrà ni, kí wọ́n lè rí nǹkan gé. Bàbá fúnra wọn ń bi mí pé báwo làwọn á ṣe máa ṣe àlùwàlá. Ọjọ́bọ̀ la máa padà lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Màmá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ má gba POP kankan. Omi gbígbóná àti iyọ̀ ni kí Bàbá máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Òun ni mo fi wo ẹsẹ̀ tèmi lọ́jọ́ tí mo tẹ ìgò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Màmá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò ní ìtọ̀ ṣúgà nígbà tí ẹ tẹ ìgò yẹn. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìṣó lára, ṣé omi gbígbóná ló máa mọ̀? Mo ti tọ́jú ẹni tí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó pátá nínú báàfù, tó ń bá wa ṣàwàdà lọ nítorí pé kò mọ ohunkóhun.

Ọmọ Alhájì, gbọ́ mi dáadáa. Bí òkúta bá kó sínú bàtà rẹ, wàá tiro. Títiro yẹn ló ń dáàbò bò ọ́. Bàbá rẹ kì í tiro, torí ṣúgà ti ba iṣan tó ń gbé ìrora dé ọpọlọ jẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, ìwúwo ara wọn ń bọ́ sórí egbò kan ṣoṣo yẹn. Ẹ fi oyin sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ di gọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni ń gbin ẹ̀fọ́ tí ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ bọ̀ lẹ́yìn ni. POP yìí kì í ṣe fún eegun. Ó ń gba ìwúwo kúrò lójú kan, ó ń pín in ká gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé ojúgun.

Ọ̀dọ̀ àwọn adẹ́tẹ̀ la ti kọ́ ọ. Dókítà Paul Brand, tó ṣiṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà kó tó lọ sí Carville ní Amẹ́ríkà, rí i pé ẹran ara adẹ́tẹ̀ kì í ṣàdédé rà bí ayé ṣe rò. Àìmọ ìrora ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rìn lórí egbò. Tó bá fi POP dì í, egbò náà á jinná.

Ìbéèrè mi rèé: bàtà gígùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ rà, ìgbà wo ni Bàbá ń wọ̀ ọ́?

Ọmọ Alhájì, Ìwó

Ẹ ṣé, mà. Ṣé kí n sọ òótọ́? Ọjọ́ tí a bá ń lọ sílé ìwòsàn ni. Wọ́n ní ó wúwo, wọn kì í wọ̀ ọ́ nínú ilé. Tí wọ́n bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́sáláṣí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ ọ sí, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Lóru tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń lọ. Ẹ sì mọ bí ìtọ̀ yẹn ṣe máa ń pọ̀ tó.

Ará Peckham

Ó tán! Ìtọ́jú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ mi níbí, mi ò sì dá Bàbá lẹ́bi. Ní 2003, àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìgbésẹ̀ sí ìbàdí èèyàn 20 tó ní irú egbò yìí, wọ́n sì fi òmíràn pamọ́ sínú bàtà gígùn tí wọ́n fún wọn. Nínú 100 ìgbésẹ̀, nǹkan bíi 28 péré ni wọ́n fi bàtà náà gbé. Òyìnbó nìyẹn o, tí kò sí mọ́sáláṣí lọ́rọ̀ tiwọn.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti fi POP, bàtà tó ṣeé bọ́ àti bàtà tó gé lápá kan wéra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni egbò rẹ̀ jinná lábẹ́ POP. Ti bàtà tó ṣeé bọ́ jẹ́ 65 nínú 100, ti bàtà tó gé kò sì tó 60. Bàtà gígùn kì í ṣe bàtà burúkú. Pé ó ṣeé bọ́ ni wàhálà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé bàtà tí ẹ̀gbọ́n rẹ rà dání lọ́jọ́bọ̀. Tó bá bá ẹsẹ̀ wọn mu, dókítà lè fi báńdéèjì POP kan ṣoṣo we okùn rẹ̀ yí ká kó má ṣeé tú mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ bíi POP gan-an, kò sì gba ẹni tó mọ POP dì dáadáa. Èmi ì bá jẹ́ dókítà yẹn, ibẹ̀ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò Àkúrẹ́

Gbogbo yín ń sọ ọ́ bíi pé kò léwu. Ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ di irú POP yìí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni ò tú u wò. Ìgbà tí òórùn gba yàrá la gbé wọn padà. Ọmọ ìka méjì lọ. Ẹ má kàn sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó lọ gbà á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kú àdánù, àbúrò mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn yẹn kò dáa rárá, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ẹsẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó dì í. Ọmọ Alhájì, kí dókítà fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀, tí kò bá sì hàn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ wò ó. Kí wọ́n wò ó bóyá egbò ti dé eegun. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ẹsẹ̀, tàbí tí egbò ti ń ṣọyún, tó wú, tó gbóná, ẹ tọ́jú ìyẹn ná.

Kì í ṣe POP àdìgbàgbé náà. Tó bá tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á tú èyí àkọ́kọ́, torí ẹsẹ̀ tó wú á ti fọn, POP á sì máa mì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á máa tú u, tí wọ́n á ha awọ líle, tí wọ́n á wọn egbò. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má gbà. Bí ara Bàbá bá gbóná, tí ṣúgà wọn ṣàdédé gòkè, tí nǹkan bá rùn tàbí tó rin jáde lára POP, tí ìka bá dúdú tàbí tí ìrora dé lójijì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Kódà kó jẹ́ òru, ẹ lọ.

Dírẹ́bà Tẹ́lẹ̀

Èmi fi ẹsẹ̀ ara mi lò ó, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Egbò jinná, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí dókítà kì í sọ. Ẹsẹ̀ tó wọ POP á ga ju ìkejì lọ. Ọjọ́ kẹrin ni ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ẹ ní kí oníbàtà lẹ rọ́bà mọ́ ìdí bàtà kejì kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè dọ́gba. Ẹ wá ọ̀pá ìtìlẹ̀, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké kúrò nílẹ̀, torí ìṣubú ni ọ̀tá ẹni tó wọ POP. Orí àpótí ni mo ti ń wẹ̀, ẹsẹ̀ á wà nínú nílọ́ọ̀nù lórí àpótí kejì.

Yóò máa yún wọn. Ẹ kó gbogbo ìgbálẹ̀ ilé pamọ́! Mo ti ọwọ́n ìgbálẹ̀ kan bọ inú tèmi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí lọ́sibítù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tiwọn, ọkọ̀ wíwà di ìyẹn ná.

Alfa Kékeré

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá rọrùn. Kí Bàbá fọ ibi tó kù, kí wọ́n fi ọwọ́ tútù pa orí POP náà. Wọn ò ní da omi sí i. Ìdẹ̀ra wà nínú ẹ̀sìn fún ẹni tí wọ́n fi nǹkan di ara rẹ̀. Tí dídúró bá le, wọ́n lè kírun ní ìjókòó. Kí wọ́n bá Lèmọ́ọ̀mù wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ẹsẹ̀ wọn nínú sàfù.

Oníbàtà Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí lẹ́yìn POP ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ wa. Dókítà tó ń rán èèyàn sí mi sọ pé nínú mẹ́wàá tí egbò wọn jinná, bíi mẹ́rin ló ń ní òmíràn láàárín ọdún kan. Bàtà àtijọ́ ni wọ́n ń padà sí. Ẹ ní kí Bàbá dúró lórí páálí, ẹ fi bírò fa ilà yí ẹsẹ̀ ká, kí ẹ gbé bàtà lé e. Bí ilà bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ẹ fi bàtà yẹn tọrẹ. Sálúbàtà tó ń há sáàárín ìka kò dáa fún wọn. Kí fóòmù inú rẹ̀ rọ̀, kí ẹ sì máa ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ìṣó tó fa gbogbo èyí, ọwọ́ ì bá ti kàn án.

Ọmọ Alhájì, Ìwó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A lọ. Bàtà ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn mu, ẹsẹ̀ ń yọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sì tíì gbà pé òun ra àṣìmú. Wọ́n fi ẹ̀rọ wá ẹ̀jẹ̀, gbogbo wa gbọ́ ìró rẹ̀, fùù, fùù, fùù. Wọ́n ya fọ́tò eegun, kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n bá di POP.

Wọ́n tú u lọ́jọ́ kẹta, wọ́n di òmíràn, wọ́n sì tún tú ìyẹn lánàá. Egbò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ti di 1.9, ìdí rẹ̀ sì pọ́n dáadáa. Àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi imú sún mọ́ ọn, wọn ò gbọ́ òórùn kankan. Wọ́n ní ká ṣì máa wò ó ná.

Wàhálà tó kù ni ti òru. Ìyá mi ní láti ọdún yìí wá làwọn ti ń wádìí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Lóru àná, wọ́n gbọ́ kò, kò, kò, láti yàrá dé ilé ìdáná.