Kí ni ká pe epo inú agolo tí à ń fín sí irin?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe epo inú agolo tí àwọn mẹkáníìkì ń fín sí irin ní "oògùn ìpáàrà". N kò bá "ìpáàrà" jà, nítorí ẹni tó bá ń ka Mátíù orí kẹfà mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "dógùn-ún" ni àwọn tó ń fọwọ́ kan irin máa ń sọ. "Oògùn" ni n kò lè gbà.

Epo tí wọ́n fọ̀ lára epo rọ̀bì, tó ṣàn bíi kẹrosíìnì, ló pọ̀ jù nínú irú agolo bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró ni ewu rẹ̀ wà ju ikùn lọ, nítorí epo tó ṣàn tó báyẹn máa ń yára yà sí ọ̀nà èémí, pàápàá nígbà tí ọmọ náà bá ń bì, ó sì lè ṣekú pa á. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ ara agolo fi sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹni náà bì, kí a tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá ti ní ẹnì kan gbé oògùn mì, epo pupa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré rọ sí i lẹ́nu kí ó lè bì, ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe níbí rárá sì nìyẹn. "Òróró" tí ẹlòmíràn dábàá kò sàn jù ú lọ, ilé ìdáná ni ọkàn yóò lọ.

"Epo àfínsírin" ni èmi fara mọ́. "À" olóhùn ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí "afínsírin" yóò jẹ́ ẹni tó ń fín in. Ẹnì kan lè sọ pé orúkọ yìí kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ bí WD-40, ọ̀kan lára irú epo inú agolo bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe ní San Diego ní Amẹ́ríkà ní 1953 fún awọ rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas, ṣe sọ tirẹ̀: WD yẹn dúró fún lílé omi kúrò, nítorí láìsí omi, irin kì í dógùn-ún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "epo" ń jẹ́ kí a rántí iná, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì sí mi.

Nínú ìtumọ̀ ìkìlọ̀ tó bá àbá náà wá, "atẹ́gùn" ni wọ́n pe ohun tó ń ti epo jáde. Nínú ọ̀pọ̀ agolo, propane àti butane ni, èyí tí í ṣe gáàsì ìdáná gan-an. Ẹ jẹ́ ká kọ "gáàsì", kò sí ẹni tí yóò ṣáná sí i. Àwọn mìíràn ń lo káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, tí kì í jó, àmọ́ epo tó ń bá a jáde ń jó. "Ó ń jó" nìkan kò sì tó, igi náà ń jó. "Ó tètè ń gbaná" ni ká kọ.

"Èéfín" tí wọ́n lò fún ohun tó ń fẹ́ jáde lára epo náà burú jù lójú mi. Èéfín ṣeé fojú rí, ó sì ń gòkè. Èyí kò ṣeé rí, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá lọ, ó sì lè kóra jọ sínú kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ìṣáná kan ti tó. "Gáàsì tí ojú kò rí" yóò gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yé ènìyàn.

Ó ku "agolo òfìfo". Agolo tí epo rẹ̀ ti tán ṣì lè ní gáàsì nínú, nítorí náà mo dábàá báyìí: "Bí epo inú rẹ̀ bá tilẹ̀ tán, má ṣe lu agolo yìí, má ṣe sun ún, má sì gbé e síbi tí ooru ti ju 50°C lọ, ó lè bú gbàmù."