Àwa tí a ti wo The Thing ti 1982, níbo ni ara yín ti bù máṣọ?

Alábòójútó
Ẹ kú ìkálẹ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù n'Ìbàdàn. Fíìmù The Thing ti 1982, èyí tí ẹ̀dá àjèjì kan tó lè di ẹnikẹ́ni ti wọ àgọ́ àwọn ọkùnrin kan ní Antarctica, tí wọ́n fi hàn ní Bódìjà lálẹ́ Sátidé ti kọjá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ wàyí. Ibo ló bà yín lẹ́rù jù? Ẹni tó bá ti wo ti 1951 náà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láti inú ìtàn kan náà, kó sọ èyí tó mú un lọ́kàn jù nínú méjèèjì. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, nítorí a máa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ níbí.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kò sí ibòmíràn.

Ọmọ Òjé
Àyà tó lanu! Wọ́n ń fi iná jí ọkùnrin yẹn, dókítà tẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà, àfi bí àyà ṣe là bí ẹnu ọ̀nì tó sì gé apá dókítà méjèèjì. Gbogbo gbọ̀ngàn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Fíìmù tó ti lé lógójì ọdún!

Ayàwòrán Sámóńdà
@Ọmọ Òjé, ẹni tí apá rẹ̀ gé yẹn kì í ṣe Richard Dysart tó ṣe dókítà. Ọkùnrin kan tí kò lápá ni wọ́n wá, wọ́n fi ìbòjú tó jọ ojú Dysart bò ó lójú, wọ́n wá so apá àtọwọ́dá mọ́ ọn. Ìda ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, rọ́bà ni iṣan, jẹ́lì ni ẹran. Àyà tó lanu náà jẹ́ àtọwọ́dá, ẹ̀rọ háídírọ́líìkì ló ń ṣí i tó ń pa á dé. Ẹ tún un wò, ẹ ó rí i pé kámẹ́rà ò dúró pẹ́ lójú ọkùnrin yẹn, torí ìbòjú kì í ṣẹ́jú, kì í sì í fajú ro.

Rob Bottin ló ṣe olórí iṣẹ́ yẹn, ọmọ nǹkan bí ọdún 22 ni nígbà náà. Ó ṣe é títí tó fi dé ilé ìwòsàn nítorí àárẹ̀. Ìran inú ilé ajá nìkan ni Stan Winston bá a ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n má pín ògo náà sí méjì, ìdúpẹ́ lásán ló gbà lópin fíìmù. Irú ọmọlúwàbí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nídìí iṣẹ́ yìí.

Ìgè
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé ìyà lásán ni? Kọ̀ǹpútà á ṣe gbogbo ìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni dé ilé ìwòsàn. Àtúnṣe ti 2011 mọ́ ju ti 1982 lọ, ẹranko rẹ̀ ń sáré, ó ń fò, kò sí ibi tí kò lè dé.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ti 2011 kì í ṣe àtúnṣe, Ìgè. Orúkọ kan náà ni wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ àwọn ará Norway ṣáájú ni ti 2011 ń sọ. Ibi tó parí sí, tí hẹlikópítà ń lé ajá lórí yìnyín, ibẹ̀ gan-an ni ti 1982 ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgè
Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi nípa kọ̀ǹpútà ṣì dúró.

Ayàwòrán Sámóńdà
Kò dúró, àbúrò. Àwọn ẹ̀dá ti 2011 náà, ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe wọ́n. Iléeṣẹ́ Amalgamated Dynamics mọ wọ́n, wọ́n kùn wọ́n, wọ́n sì gbé wọn dúró níwájú àwọn òṣèré. Lẹ́yìn tí wọ́n yàwòrán tán ni wọ́n wá fi ti kọ̀ǹpútà bo ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó wà níbẹ̀ gan-an ní òjìji, iná ara ògiri ń kọ mànà lára awọ rẹ̀ tó tutù, ó sì ní ìwọ̀n lórí ilẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó di dandan kó ṣe òjìji yẹn, ìkọmànà yẹn àti ìwọ̀n yẹn bákan náà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ojú òǹwòran á ti mọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó lè sọ ohun tó rí.

Bàbá Apidán
Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ ń sọ yìí, àwọn alárìnjó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Eégún onídán tó ń di òjòlá, tó ń di ọ̀nì, tó ń di ẹkùn lójú agbo, aṣọ ni. Aṣọ náà ní inú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, á yí aṣọ náà po, inú á di ẹ̀yìn, onílù á sì fi ìlù lé e kí ojú agbo má bàa wo ibi tí ọwọ́ ń lọ. Tí ìlù bá dákẹ́ níbi tí kò yẹ, idán ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun kan náà ni ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí Àṣàkẹ́ ń sọ.

Ọmọ Òjé
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ ká máa tú àṣírí eégún ní gbangba báyìí?

Bàbá Apidán
Idán ìdárayá ni mo sọ, ọmọ mi, èmi ò sọ ti ìgbàlẹ̀. Gbogbo ayé ló ń wo alárìnjó, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ti ìgbàlẹ̀ ò sí lẹ́nu mi.

Ọmọ Òjé
Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ má bínú.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Bàbá ti sọ ọ́ tán. Níbi ẹ̀jẹ̀ yẹn, MacReady, ọkùnrin tó ń wá ẹni tó ti di ẹ̀dá náà nínú wọn, ti fi wáyà gbígbóná kan ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun àti Garry, ọ̀kan nínú àwọn ará àgọ́, wá ń tahùn síra wọn, Garry sì ni gbogbo wa ń fura sí. Ojú wa wà lára Garry, etí wa wà lẹ́nu àríyànjiyàn wọn. Ẹ̀jẹ̀ Palmer tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló bẹ́ jáde. Àríyànjiyàn yẹn ni ìlù Bàbá.

Abíọ́nà
Ẹ̀yin tó ń yin ti 1982, ṣé ẹ mọ̀ pé DVD tó wà nígboro Ìbàdàn, gígé ni wọ́n gé e? Ara páálí, ìṣẹ́jú 109. Ti inú rẹ̀, 104 péré. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ!

Bàbá Pírójẹ́kítọ̀
Wọn ò gé nǹkan kan. Fírémù 24, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan, ni fíìmù sinimá ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ètò PAL tí tẹlifíṣàn wa ń lò, 25 ni tiẹ̀. Láti gbé fíìmù sórí DVD PAL, wọ́n kàn máa ń mú un sáré díẹ̀ ni, kí 24 lè di 25. Ẹ fi 24 lọ 109 po, kí ẹ fi 25 pín in, ẹ ó rí 104 àti díẹ̀. Ohùn àwọn òṣèré náà á ga sókè díẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ mú á gbọ́ ọ lára orin Morricone, ẹni tó kọ orin fíìmù náà.

Abíọ́nà
Há! Nítorí náà kò sí ìran kankan tó sọnù?

Bàbá Pírójẹ́kítọ̀
Kò sí. Ohun tó ń sọnù ní tòótọ́ ni etí àwòrán. Fíìmù yẹn fẹ̀ gan-an, ìbú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ò fẹ́ràn ọ̀já dúdú tó wà lókè àti nísàlẹ̀, wọn á tẹ "zoom" kó kún ojú tẹlifíṣàn. Lójú ẹsẹ̀, ẹni tó jókòó sí igun ti pòórá. Fíìmù tó jẹ́ pé ẹni tó wà ní igun gan-an lo gbọ́dọ̀ máa ṣọ́! Ẹ fi ọ̀já dúdú sílẹ̀. Ẹ sì pa "motion smoothing" inú tẹlifíṣàn yín, ètò tó ń mú ìrìn àwòrán yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń sọ fíìmù di bí eré ojú tẹlifíṣàn. Fáìlì kékeré tí wọ́n fún mọ́ 700MB náà, ẹ sá fún un, òkùnkùn inú rẹ̀ á di bíríkì bíríkì, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Agodi
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ti 1951 látàárọ̀, inú mi ò dùn sí i. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn tí ẹ̀dá yẹn dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, ṣé kékeré nìyẹn? Ibi tí wọ́n da kẹrosíìnì lé e lórí nínú yàrá tí wọ́n sì dáná sun ún, iná gidi ni, yàrá náà há, òkùnkùn sì wà. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wọnú ara wọn bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Obìnrin wà níbẹ̀ tó ní làákàyè. Ọkùnrin 12 ló wà nínú àgọ́ ti 1982, kò sí obìnrin kan ṣoṣo.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ, ilẹ̀kùn yẹn dára gan-an. Àmọ́ ti 1951 ti fi ọkàn ìtàn náà sílẹ̀. Nínú ìtàn tí John W. Campbell kọ ní 1938, ẹ̀dá náà lè di ẹnikẹ́ni. Ti 1951 sọ ọ́ di ewéko tó ń mu ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ kúrò ní Antarctica lọ sí òkè àríwá. Ẹni gíga kan tó ń rìn kiri, o mọ̀ ọ́n tí o bá rí i. Carpenter, olùdarí ti 1982, ò tún fíìmù ṣe, ìwé ló padà lọ kà. Ìdí tí fíìmù rẹ̀ fi dúró nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ àtúnṣe mìíràn ò dúró.

Ìyá Ìbejì Agodi
Ó dáa. Ṣùgbọ́n ó jí àkọlé tó ń jó wọ̀ǹwọ̀n ti 1951 lò!

Ayàwòrán Sámóńdà
Ẹ̀bùn ìyìn ni, Àǹtí, kì í ṣe olè. Bí Peter Kuran ṣe ṣe é nìyí: àpótí ẹja onígíláàsì tó kún fún èéfín, àkọlé tí wọ́n yà sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rá ìkódọ̀tí tí wọ́n nà bo ẹ̀yìn àkọlé, iná ńlá lẹ́yìn gbogbo wọn. Wọ́n ṣáná sí ọ̀rá, bó ṣe ń jó ni ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú lẹ́tà wọlé sínú èéfín. Àwọn tó ń ṣe fíìmù kékeré lè ṣe é lónìí, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, èéfín ọ̀rá kò dára nínú yàrá.

Ìgè
Tí ó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí àwọn òǹwòran 1982 fi kọ̀ ọ́?

Bàbá Pírójẹ́kítọ̀
E.T. ti jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àjèjì tó ń mú ọmọdé lọ́rẹ̀ẹ́. Ta ló fẹ́ rí èyí tó ń jẹ ajá lẹ́yìn ìyẹn? Ọjọ́ kan náà, 25 Okúdù, ni Blade Runner náà jáde. Wọ́n tiẹ̀ yan orin Morricone mọ́ àwọn tó burú jù lọ́dún yẹn fún Razzie, ẹ̀bùn ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fún iṣẹ́ fíìmù tó burú jù. Díẹ̀ nínú orin tó ṣẹ́kù tí wọn ò lò ló padà wọnú The Hateful Eight, fíìmù tó fún un ní Oscar ní 2016.

Ọmọ Òjé
Ẹ jẹ́ ká parí ìjà kan: ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tó ku MacReady àti Childs nìkan, ṣé Childs ni ẹ̀dá yẹn? Èémí MacReady hàn, ti Childs ò hàn dáadáa.

Ayàwòrán Sámóńdà
Èémí ò fi nǹkan kan hàn. Òtútù máa ń sọ èémí di kùrukùru, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í sábà rí kùrukùru náà dáadáa àfi tí iná bá wá láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí iná ti wá sára ẹni kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀. Bennings, ọ̀kan nínú àwọn ará àgọ́, ti di ẹ̀dá yẹn nígbà tó ké lórí yìnyín, èémí tirẹ̀ sì hàn.

Táíwò POP
Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe fíìmù kúkúrú wọn, ẹ gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà ife méjì, omi ife kan, ẹ sè é títí á fi ki bí oyin, kó tutù pátápátá. Àwọ̀ pupa oúnjẹ ṣíbí tíì méjì. Lẹ́búlẹ́bú kòkó ìdajì ṣíbí, ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóró á wà nínú rẹ̀. Láìsí kòkó, á pọ́n fẹ̀ẹ̀ lábẹ́ iná LED bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Kí ẹ̀jẹ̀ tó lè bẹ́, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ àwo, ẹ ki rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́, ẹ so sírínjì 50ml mọ́ ìdí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ kún inú rọ́bà náà fọ́fọ́ kí ẹ tó tì í. Tí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, á kàn tutọ́ ni, kò ní bẹ́. Wáyà kò gbọ́dọ̀ gbóná rárá, ẹ kun ẹnu rẹ̀ ní pupa. Omi tí ẹ kán sórí páànù gbígbóná ni kí ẹ gba ohùn rẹ̀.

Abíọ́nà
Ọwọ́ àtọwọ́dá náà ń kọ́? Oje rọ́bà kì í dì mọ́ inú mọ́ọ̀dù mi.

Táíwò POP
Ó ní láti jẹ́ pé ẹ fi òróró pa mọ́ọ̀dù náà. Mọ́ọ̀dù POP gbọ́dọ̀ lè fa omi, òun ló ń jẹ́ kí oje náà dì mọ́ ara rẹ̀. Ẹ má fi òróró sí i. Ẹ bu oje kún un, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù padà sínú ike, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lásìkò òjò, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Pọ́dà ni kí ẹ fọ́n sí i kí ẹ tó bó o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Amóníà wà nínú oje náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan inú ìgbọ̀nwọ́ òṣèré láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbà á.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ẹ má gbàgbé èèrà. Ẹ nu tábìlì náà kí ẹ tó sùn.